Kíka Ìrántí àti Wíwá Orúkọ: Ibi Tí Debugger Ti Ń Purọ́

Debugger, ìyẹn prógíráàmù tí a fi ń wá àṣìṣe nínú prógíráàmù mìíràn, máa ń bíni nínú tó bá ń falẹ̀, àmọ́ èyí tó ń purọ́ ló burú jù. Ibi méjì ni irọ́ náà sábà máa ń gbà wọlé: ìgbà tó ń ka ìrántí prógíráàmù mìíràn, àti ìgbà tó ń wá orúkọ function (ẹyọ iṣẹ́ kan nínú prógíráàmù) tó ni àdírẹ́sì kan. Orí Linux la ó dúró sí, lórí ẹ̀rọ x86-64.

PTRACE_PEEKDATA ni ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń ní kí kernel, ọkàn Linux, bá wa ka ìrántí. Báìtì 8 péré ló ń bù wá lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ ka kìlóbáìtì 64 yóò kan ilẹ̀kùn kernel ní ìgbà 8,192. process_vm_readv, tó dé pẹ̀lú Linux 3.2, lè kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ kì í ka ojú ewé ìrántí tí wọ́n bá ti fòfin de kíkà rẹ̀. Fáìlì /proc/PID/mem (PID ni nọ́ńbà prógíráàmù náà) lè kà á. Ẹ kọ́kọ́ dán process_vm_readv wò, kí ẹ sì fi /proc/PID/mem ṣe àtìlẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tí báìtì òdo ń parí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ká ní ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì 0x7f2a91c03ff0 (0x ń fi hàn pé ìpìlẹ̀ 16 la fi kọ nọ́ńbà náà). Ojú ewé ìrántí jẹ́ báìtì 4,096, nítorí náà báìtì 16 péré ló kù kí èyí tó parí. Bí ẹ bá béèrè báìtì 256 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ojú ewé kejì kò sì sí, ohun tó padà wá lè kéré sí ohun tí ẹ béèrè, ó sì lè jẹ́ EFAULT, àṣìṣe tó ń sọ pé àdírẹ́sì náà kò dára. Debugger aláìfarabalẹ̀ á wá kéde pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé kà, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà 9 ni gbogbo rẹ̀! Ẹ ka 16 yẹn ná, ẹ wá báìtì òdo nínú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ ni kí ẹ tó ṣí ojú ewé tó kàn.

Ẹ má gbàgbé breakpoint, ibi tí ẹ ní kí prógíráàmù ti dúró. Debugger ti kọ 0xCC bo báìtì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Báìtì àtilẹ̀wá ni kí ẹ fi han ẹni tó ń wò ó. Bí ẹ bá sì ń tọ́jú ohun tí ẹ ti kà sí cache (ibi ìpamọ́ fún ìgbà díẹ̀), ẹ dà á nù kíá tí prógíráàmù bá tún ti gbéra.

Ó wá ku orúkọ. Ẹ to àwọn symbol (orúkọ function pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀) ní ìtẹ̀léra àdírẹ́sì, kí ẹ máa pín àtẹ náà sí méjì. Nínú mílíọ̀nù kan, ìfiwéra bí 20 ti tó. Ìyẹn kò ṣòro. Ìṣirò tó ṣáájú rẹ̀ ló ń ṣini lọ́nà: ẹ gbọ́dọ̀ yọ ibi tí wọ́n gbé fáìlì prógíráàmù náà kalẹ̀ sí nínú ìrántí kúrò. 0x55d3a4c01149 tí a bá yọ 0x55d3a4c00000 kúrò nínú rẹ̀ di 0x1149.

Ọ̀fìn wà níbẹ̀ o. Ká ní function kan bẹ̀rẹ̀ ní 0x1130, tó gùn ní báìtì 25, tó sì fi pípe abort parí (function tó ń pa prógíráàmù, tí kì í padà). Pípe náà gba báìtì 5, láti 0x1144 dé 0x1148. Àdírẹ́sì ìpadà, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ yẹ kó padà sí lẹ́yìn pípe, á jẹ́ 0x1149, bẹ́ẹ̀ function mìíràn ló ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ aláìṣẹ̀ ni backtrace, àkọsílẹ̀ àwọn function tó pe ara wọn, á dá. Ẹ yọ 1 kúrò nínú àdírẹ́sì ìpadà kí ẹ tó wá orúkọ rẹ̀, àyàfi ti férémù (ìlà kan nínú backtrace) òkè pátápátá, nítorí ibi tí iṣẹ́ dé gan-an ni tirẹ̀.

Ẹ wo ìwọ̀n symbol náà pẹ̀lú. Bí àdírẹ́sì bá ti kọjá òpin rẹ̀, ẹ kọ àdírẹ́sì lásán síbẹ̀. Àwọn function tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní assembly lè ní ìwọ̀n 0. Ibi tí symbol tó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe òpin wọn. Bákan náà, kí ẹ tó gba fáìlì .debug (tó ń tọ́jú àwọn orúkọ náà lọ́tọ̀) èyíkéyìí gbọ́, ẹ fi Build-ID rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní, wé ti fáìlì tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹyọ báìtì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ má ṣe lò ó.