Owó Jáde, Gbólóhùn Kan Kò Jáde

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ètò tòní ò létò. Ọ̀rọ̀ Sùdáànì ni mo fẹ́ sọ, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ kí n lè dákẹ́. Ẹ ní sùúrù ná.

Ẹ ti gbọ́ nípa ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí ogun Sùdáànì. 15 oṣù kẹrin ọdún 2025, Lancaster House, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ tí ogun wọn pé ọdún méjì gérégé. Ìlú Ọba, Faransé, Jámánì, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ló jọ pè é. Burhan tó ń darí àwọn ológun ìjọba àti Hemedti tó ni RSF, ẹgbẹ́ ajagun tó ń bá ìjọba jà, àwọn méjèèjì tó ń fi ìlú jà, wọn ò pe ìkankan nínú wọn. Ìjọba Sùdáànì bínú sí i gan-an. Ẹ jẹ́ á fo ìyẹn.

Àǹtí kan wà níbi iṣẹ́ mi, ọmọ Darfur ni, ní ìwọ̀-oòrùn Sùdáànì. Nígbà tá a lọ jẹun, mo ṣí fóònù, mo ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, Ìlú Ọba ní àwọn máa fi mílíọ̀nù 120 pọ́n-ùn sílẹ̀!" Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Kí ni wọ́n fẹnu kò sí?" Mo wá a lọ sókè, mo wá a lọ sílẹ̀. Mo ní, "Jámánì náà fún wọn." Ó ní, "Mo gbọ́. Kí ni wọ́n fẹnu kò sí?"

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi o, kì í ṣe ẹ̀rín ìbànújẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú fíìmù. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó sì ń jẹun lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣígun wọ Zamzam, àgọ́ àwọn tógun lé kúrò nílé nítòsí ìlú El Fasher ní Darfur, àwọn ẹbí ẹ̀ sì wà ní apá ibẹ̀. Mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rín yẹn.

Torí òótọ́ ni: kò sóhun tí wọ́n fẹnu kò sí. Àwọn tó pe ìpàdé fẹ́ kí gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí ìwé kan, kí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí á máa bá àwọn ajagun sọ̀rọ̀. Íjíbítì àti Sáúdí fa ọ̀rọ̀ síbí, United Arab Emirates, àwọn tó ni Dùbáì, fà á sọ́hùn-ún. Nígbà tílẹ̀ ṣú, àwọn olùpè nìkan ló kọ ìwé tiwọn. Lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà o, RSF ní àwọn ti dá ìjọba tàwọn sílẹ̀.

Ẹ wo bí owó ṣe rọrùn tó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ ọ̀gbẹ́ni tó máa ń gba máíìkì pe owó ńlá, tí alága á ní "ẹ pàtẹ́wọ́ fún un", tí ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i mọ́ títí ìkórè mìíràn á fi dé. (Mo ti rántí ẹnì kan báyìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ń gbọ́ ètò yìí.) Ìpàdé Sùdáànì tí wọ́n ṣe ní Paris náà pe owó lọ́dún 2024, ó lé ní bílíọ̀nù méjì yúrò.

Àti ilé yẹn fúnra ẹ̀! Lancaster House ni Awólọ́wọ̀, Azikiwe àti Sardauna jókòó sí lọ́dún 1957 láti jà lórí òfin Nàìjíríà. Àwọn náà ò fẹnu kò lórí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n wọ́n lò ju oṣù kan lọ níbẹ̀, ìjọba ara-ẹni fún Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn sì tibẹ̀ jáde. Sùdáànì gba ọjọ́ kan péré.

Mo ti ń gbọ́ ẹnì kan: "Kí ló kàn wá? Borno ń jó." Ẹ gbọ́, mo mọ̀ pé Borno ń jó. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Khartoum lọ́dún 2023 ńkọ́, tí wọ́n há sí ẹnubodè Íjíbítì tí bọ́ọ̀sì ò rọ́nà kọjá? Ẹ tún bi àwọn bàbá wa tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà nígbà náà, ibo ni wọ́n gbà kọjá. Ó kàn wá.

Ẹlòmíràn ní, "Ìwọ yìí, owó kì í ṣe nǹkan ni?" Háà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọ̀pọ̀ tàkáyà, àwọn ilé ìdáná tí àwọn ọ̀dọ́ Sùdáànì fúnra wọn dá sílẹ̀ ládùúgbò, ló ti ilẹ̀kùn. Ebi ò mọ ìpàdé. Ìlú Ọba gan-an, oṣù méjì ṣáájú ni wọ́n kéde pé àwọn máa dín owó ìrànwọ́ kù láti 0.5 sí 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn, kí wọ́n lè ra ohun ìjà. Nítorí náà, mo gbóṣùbà fún 120 yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wo ló máa gbé e débẹ̀? Oṣù kejì 2024 ni ìjọba Burhan ti ẹnubodè Adré ní ìhà Ṣáàdì, oṣù kẹjọ ni wọ́n tó ṣí i. RSF dó ti El Fasher láti oṣù kárùn-ún ọdún yẹn. Kò sí iye pọ́n-ùn tó máa gba inú ìyẹn kọjá.

Ẹlòmíràn tún ní, "Ìjọba Burhan ló nílẹ̀, kí oúnjẹ gba ọwọ́ wọn." Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí ogun tiwa. Lagos ní kí ìrànwọ́ gba ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, Ojúkwu ò gba ọ̀nà orí ilẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń bà ní Uli lóru. Àwọn ọmọdé ń kú, àwọn àgbà ń jiyàn lórí ẹni tó máa yẹ ẹrù wò. Ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, ó mú ohun ìjà. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí wọn ò jọ fọwọ́ sí yẹn fi ṣe pàtàkì ju owó lọ! Kí wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣí. Kí wọ́n kọ ọ́ pé kí ẹni tó ń kó ìbọn wọlé dẹ́kun. Wọ́n ń fẹ̀sùn kan Emirates pé àwọn ló ń ran RSF lọ́wọ́, Emirates sì ní irọ́ ni. Ó dáa, tí irọ́ bá ni, kí ló ṣòro nínú kí wọ́n fọwọ́ sí i?

26 oṣù kẹwàá 2025, RSF wọ El Fasher. Ẹ ti rí fídíò, mi ò ní sọ ọ́.

Àǹtí ṣì ń wá síṣẹ́. Tí wọ́n bá tún pe ìpàdé mìíràn, mi ò ní ka iye owó fún un mọ́, ìwé ìparí ni màá kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bá mi jà, ẹ fohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ má kọ ọ́ gùn, torí mi ò ní kà á.