Flin Flon: Owó Oṣù Ló Bí Ikọ̀ Họ́kì

(A kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú ohùn tí a gbà. A yọ àtúnsọ kúrò, a fi àwàdà sílẹ̀.)

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí i yín o. Alága ti fi ìdá mẹ́rin àkókò mi kí àwọn ọlọ́lá, nítorí náà mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi ṣókí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ gbìyànjú ni.

Tí ẹ bá béèrè ibi tí họ́kì orí yìnyín ti wá lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Kánádà, òtútù ni wọ́n máa ń dárúkọ. Adágún dì, ọmọdé gbé igi họ́kì, ó dàgbà, ó di olówó. Àlàyé yìí ti sú mi. Tó bá jẹ́ òtútù ni, ṣebí gbogbo abúlé tó wà lápá àríwá Kánádà ni ìbá ti gba ife ẹ̀yẹ! Ohun tí èmi ń wí ni pé owó oṣù ló ń bí ikọ̀ ìlú kékeré. Flin Flon sì ni ẹlẹ́rìí mi.

Orí àpáta ni ìlú náà jókòó sí, ní ààlà ìpínlẹ̀ Manitoba àti ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, débi pé apá kan rẹ̀ bọ́ sí Saskatchewan. Àpáta yẹn le tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi rí páìpù omi ìdọ̀tí rì mọ́lẹ̀ ní àwọn àdúgbò àtijọ́. Wọ́n tò ó sórí ilẹ̀, wọ́n fi àpótí onígi bò ó, àwọn èèyàn sì ń rin orí àpótí náà lọ sọ́jà. Orúkọ ìlú gan-an, ara orúkọ ẹ̀dá kan nínú ìwé ìtàn àròsọ tí àwọn tó ń wá kùsà kà nínú igbó ni wọ́n ti gé e. Ta ló lè gbé irú ibẹ̀ bí kò bá sí bàbà àti síǹkì lábẹ́ rẹ̀? Ọdẹ kan, David Collins, ló fi òkúta náà han Tom Creighton ní nǹkan bí 1915.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ọdún 1927 ni wọ́n dá Hudson Bay Mining and Smelting sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń wa kùsà níbẹ̀. Ọdún wo ni ikọ̀ họ́kì ìlú náà, Flin Flon Bombers, kà sí ọdún ìbí tirẹ̀? 1927. Àbí òtútù ò tíì dé ibẹ̀ ní 1926 ni?

Bó ṣe ń lọ nígbà náà nìyí. Ikọ̀ rí ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n gbá níbì kan. Ilé iṣẹ́ fún un níṣẹ́, wọ́n ń jẹ́ kó lọ ṣe ìdánrawò, wọ́n ń jẹ́ kó bá ikọ̀ rìnrìn àjò. Bàbá tó ń wa kùsà wà lórí ìjókòó, ó ń wo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó ń sáré lórí yìnyín. Irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gba Memorial Cup ní 1957. Ife àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Kánádà ni, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919 ní ìrántí àwọn sójà tó kú lójú ogun. Ta ni wọ́n nà? Canadiens ti Ottawa, ọmọ ilé ọlọ́rọ̀, tí Sam Pollock ń darí, tí ikọ̀ ńlá Montréal sì dúró lẹ́yìn wọn gbọn-in. Ìdíje náà gùn dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje. Ted Hampson ló ṣíwájú Flin Flon, Togo sì ni wọ́n bí i sí. Ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe Togo ti Lomé! Abúlé kan ní Saskatchewan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ti Bobby Clarke, ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ìlú ni, bàbá rẹ̀ ń wa kùsà, òun náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn ikọ̀ ńlá ń bẹ̀rù, títí kóòṣì Paddy Ginnell fi gbé e lọ sí Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kí àwọn dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ó lè gbá a. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ikọ̀ ńlá ń yan ọ̀dọ́ ní 1969, ipò 17 ni ikọ̀ Philadelphia ti Amẹ́ríkà ti mú un. Wọ́n gba Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ àwọn ikọ̀ ńlá, ní 1974 àti 1975, òun sì ni balógun ikọ̀. Ṣé kì í ṣe àwọn tó fò ó dá ló ń rán wa létí nísinsìnyí pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ní 1969 kan náà, Flin Flon ń bá St. Thomas Barons láti Ontario gbá a. Ìjà pọ̀ débi pé àwọn àlejò fi pápá sílẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin. Mi ò gbèjà ìyẹn o.

Alága ti ń wo aago. Ẹ jẹ́ kí n sáré: ìyanṣẹ́lódì dé sí ilé iṣẹ́ kùsà náà ní 1971. Ní 1978 wọ́n gbé ikọ̀ náà lọ sí Edmonton. Orúkọ Bombers ò kú, láti 1984 ni wọ́n ti wà nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ Saskatchewan. Ní ti Reggie Leach…

(Ìyá kan níwájú nawọ́ sókè, kò sì dúró de alága.)

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní owó oṣù ni. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà kógbá wọlé ní 2010. Ìwakùsà 777, tó gbẹ̀yìn nínú ìlú yẹn, tì ní Okúdù 2022. Ikọ̀ yín dé àṣekágbá líìgì ní 2022, 2023 àti 2024. Owó oṣù ta ni wọ́n wá ń jẹ?”

(Àtẹ́wọ́.)

Ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún un! Wọ́n pàdánù ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn kún un. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín, mà á, ẹ jẹ́ kí n fi ìwé mi sílẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún 16 sí 20 tó ń gbá a níbẹ̀ kì í gba owó oṣù, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìlú. Ilé àwọn ará ìlú ni wọ́n ń sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bọ́ ọmọkùnrin ọdún 18 rí, ẹ sọ fún mi: mílíìkì mélòó ló ń mu lọ́sẹ̀? Aṣọ eré tó ti rin ṣìnkìn ńkọ́, ta ló ń sá a? Ará ìlú ló ni ikọ̀ náà, àwọn ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Whitney Forum, pápá yìnyín wọn. Nígbà ìdíje tó bá gbóná, wọ́n máa ń ju ẹsẹ̀ moose, ẹranko igbó ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, sórí yìnyín bí wọ́n bá borí. Ẹsẹ̀ tòótọ́, pẹ̀lú pátákò! Ẹnì kan ló lọ dọdẹ rẹ̀.

Nítorí náà owó ò kúrò níbẹ̀, mà á. Láti ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ló bọ́ sí ilé ìdáná, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kọ ọ́ sínú ìwé.

Leach náà, ọmọ Ojibwe, ẹ̀yà onílẹ̀ Kánádà, láti Riverton, ọmọdé tó fi ilé sílẹ̀ ni nígbà tó dé Flin Flon. Ó jẹ góòlù 87 ní sáà 1967-68. Clarke ló bá a sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ Philadelphia tí wọ́n fi gbà á ní 1974. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà ó jẹ góòlù 19 nínú ìdíje Stanley Cup nìkan. Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ lórí rẹ̀. Alága ti dìde, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè mí padà.