Ṣakabùlà Tí Kò Ní Nọ́ńbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Àkọsílẹ̀ Ìbọn

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọdẹ àti ọ̀dọ́ ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o.

Lánàá, mo yà nílé bàbá ọdẹ kan ní Láfẹ́nwá. Wọ́n gbé ṣakabùlà wọn lé mi lọ́wọ́. Páìpù omi ni wọ́n fi ṣe irin ẹnu rẹ̀. Igi ìdí rẹ̀ sì ti dán bíi dígí nítorí òógùn ọwọ́. Mo yí i síwá sẹ́yìn. Mo ní, "Bàbá, níbo ni nọ́ńbà rẹ̀ wà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ti kú kí wọ́n tó bí ọ."

Kì í ṣe pé a kò lófin. Láti 1959 ni òfin ìbọn ti wà ní Nàìjíríà. Ìbọn ìléwọ́ àti arọ̀jò-ọta, àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ. Ìbọn ìṣọdẹ òyìnbó ń gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ṣakabùlà pàápàá ń gba ìwé àṣẹ. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí l'Ábùjá ní 2006 sì ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ìbọn tirẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń sọ nọ́ńbà ìbọn kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ni ín.

Àwọn tó ń takò irú àkọsílẹ̀ yìí ní ọ̀daràn kò ní lọ forúkọ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Kánádà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn tí apànìyàn kan yìnbọn pa obìnrin 14 ní Montreal ní 1989, wọ́n ṣòfin ní 1995 pé kí gbogbo ìbọn wọnú ìwé. Ìjọba ní ohun tí yóò ná àwọn kò ní ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Ní 2002, Sheila Fraser, olùṣàyẹ̀wò owó àgbà wọn, fi hàn pé yóò kọjá bílíọ̀nù 1. Ní 2012, wọ́n fagi lé e fún ìbọn gígùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà sọ ọ́ tán. Àkọsílẹ̀ ìbọn ìléwọ́, tó ti wà láti 1934, kò parẹ́. Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n má bàa pa àkọsílẹ̀ tirẹ̀ rẹ́. Nígbà tó pàdánù ní 2015, ó dá tuntun sílẹ̀.

New Zealand náà ti pa àkọsílẹ̀ ìbọn gígùn tì ní 1983. Nígbà tí wọ́n pa ènìyàn 51 nínú mọ́ṣáláṣí méjì ní Christchurch ní 2019, ìjọba ibẹ̀ padà sí àkọsílẹ̀ náà; ó bẹ̀rẹ̀ ní 2023.

Èmi ò gbà pé ìwé yóò dá olè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, bí a bá rí ìbọn he lọ́nà Ṣàgámù lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀, kí a lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ni ín kẹ́yìn. Ìbọn tí kò ní nọ́ńbà kò ní ipasẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọdẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tí ìjọba ń kó ìbọn sí. Àyẹ̀wò owó ìjọba àpapọ̀ ti 2019 sọ̀rọ̀ nípa ìbọn ọlọ́pàá 3,907 tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Àwọn ọlọ́pàá jiyàn sí i. Ó dùn mí pé a ṣì ń jiyàn lórí ohun tó yẹ kí ìwé kan ṣoṣo yanjú. Lẹ́yìn náà ni kí a lọ bá alágbẹ̀dẹ nídìí owú, kí ó máa lu nọ́ńbà sára irin nígbà tó ṣì gbóná.

Ẹ̀rù àwọn ọdẹ ni pé bí wọ́n bá kọ orúkọ lónìí, ìjọba yóò gba ìbọn wọn lọ́la. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àdùbí tí àwa Ẹ̀gbá bá ìjọba òyìnbó jà ní 1918, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọdẹ fọkàn tán òun, kí ó kọ́kọ́ ka tirẹ̀ lójú wọn.

Ẹnì kan bi mí pé, "Bí mo bá forúkọ sílẹ̀ tí mo bá kú ńkọ́?" Mo ní òpó àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà nínú ìwé náà nìyẹn: ta ni yóò jogún rẹ̀? Ọmọ bàbá Láfẹ́nwá ń tún fóònù ṣe l'Ékòó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ki etù. Ara ògiri pálọ̀ ni ìbọn náà wà, lórí ìṣó kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ní irin.