Ọ̀pá Tí Kò Kúrò Léjìká

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo lọ́kùnrin àti lóbìnrin, Àsàlámù àlékúmù.

Nígbà tí ọkọ Fátímà ọmọ Kaysi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí iye ọjọ́ tí Sharíà ní kí ó dúró sì pé, ó lọ sọ fún Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé Muáwíyà àti Abú Jahm ń fẹ́ òun. Ànábì kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní Muáwíyà kò lówó lọ́wọ́, Abú Jahm kì í sì í sọ ọ̀pá kalẹ̀ léjìká. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn, tí Ìmáàmù Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, gbà wá, ó là á mọ́lẹ̀ pé ọkùnrin tó máa ń lu obìnrin ni.

Nínú sàfù kan náà ni ọmọ Yorùbá, ará Sòmálíà àti ará Bangladesh ti ń kírun Jímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, oníkálukú ló sì ní orúkọ tó fún bíbo ìwà ipá inú ilé mọ́lẹ̀: àwọn kan a pè é ní iyì ìdílé, àwa a ní àṣírí là ń bò. Òótọ́ ni pé bíbo àṣírí ara ẹni jẹ́ iṣẹ́ láádá, ṣùgbọ́n Ànábì kò bo ti ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ ṣì wà léjìká. Ẹni tó bá sì ní àṣà ìlú òun ló fàyè gba lílù, Àíṣà tó bá Ànábì gbélé jẹ́rìí pé kò fi ọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin tàbí ìránṣẹ́ rí.

Láìpẹ́ yìí, mo jókòó níbi tí a ti ń dúró de dókítà. Arábìnrin kan tí wọ́n mú wá láti Ṣakí, tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, fi ọwọ́ tó wú pamọ́ sábẹ́ híjáàbù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ ló sì ń ṣe ògbufọ̀. Wọ́n béèrè ohun tó ṣe ọwọ́ náà. Ọmọ náà kọ́kọ́ wo bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó wá ní ìyá òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Mo mọ ilé wọn, kò ní àtẹ̀gùn. Mo gbọ́, mo dákẹ́, mo ń fa tẹ̀sùbáà mi lọ.

Suuratu Nisáì, áyà 35, ní kí a yan onílàjà kan láti ìdílé ọkọ àti kan láti ìdílé ìyàwó. Nínú àwọn ìlàjà tí a ń ṣe níbí, ìdílé ìyàwó wà ní Nàìjíríà lórí fóònù, ti ọkọ nìkan ló jókòó sínú yàrá, alẹ́ ọjọ́ náà la sì ń ní kí obìnrin padà sílé. Ìlàjà kọ́ nìyẹn.

Òfin ilẹ̀ yìí ti ọdún 2021 ka ọmọ tó rí irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ nínú ilé tàbí tó gbọ́ ọ sí ẹni tí wọ́n ṣe níkà pẹ̀lú. Ìyàwó tó wọlé pẹ̀lú físà ìgbéyàwó (spouse visa) lè béèrè àyè láti máa gbé níbí fúnra rẹ̀ bí ìwà ipá bá tú ìgbéyàwó wọn ká, nítorí náà ìhàlẹ̀ "màá ní kí wọ́n dá ẹ padà" kò gbọdọ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ lè fi fóònù alágbèéká pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ilẹ̀ yìí, kí ó sì tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kí ó tẹ̀ ẹ́. A ti kọ nọ́ńbà méjèèjì ní èdè Yorùbá, Sòmálì àti Bẹ̀ńgálì, a sì ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe àlùwàlá.