Yàrá Ìdánrawò, Sítúdíò, Gbọ̀ngàn: Ohun Tí Ilé Orin Yunifásítì Ń Ṣe sí Ohùn

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé ẹ̀kọ́ orin nínú ọgbà yunifásítì sábà máa ń ní oríṣi yàrá mẹ́ta: èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dánra wò, èyí tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, àti gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré fún èrò. Ohun tí ọ̀kan ń fẹ́, èkejì kì í fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi yàrá kan ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní rí èyíkéyìí ṣe dáadáa.

Yàrá ìdánrawò la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àkókò akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí jù. Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń rò níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Mò ń gbọ́ ẹni tó wà ní yàrá kejì." Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe sí i ni pé wọ́n á ra fóòmù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Owó ṣòfò nìyẹn. Fóòmù a máa fa ìró tó ń ta padà nínú yàrá mu. Kì í dá ìró tó fẹ́ gba ògiri jáde dúró. Páálí ẹyin ò tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ méjèèjì, iná sì tètè máa ń ràn án.

Ohun tó ń dá ìró dúró ni ìwúwo, àlàfo, àti dídí ihò. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí inú rẹ̀ kún dára ju pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ògiri méjì tí kò fara kanra, tí owú onígíláàsì wà láàárín wọn, tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n páìpù tàbí igi kan péré tó bá so ògiri méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni ìró máa gbà kọjá. Ní ti ihò, òun làwọn kọ́lékọ́lé sábà máa ń fojú fò.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀kùn yàrá ìdánrawò kan dáadáa. Igi gidi ni, ó wúwo, kò ṣófo nínú. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: àlàfo tó fẹ̀ tó ìka kan wà láàárín òun àti ilẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ráyè kọjá, ìró náà á kọjá. Ẹ pa iná inú yàrá, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì síta. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀, ihò ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà há àárín ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn pa, kẹ́ ẹ wá fa bébà náà. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà etí ilẹ̀kùn ti kú, tàbí kí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ti wọ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà yẹn, kẹ́ ẹ sì fi irú èyí tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀kùn bá ti pa sí ìsàlẹ̀. Ẹ má gbàgbé ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì iná o. Tí ti yàrá méjì bá kẹ̀yìn síra nínú ògiri kan náà, ìró ti rí ọ̀nà nìyẹn.

Ìwọ̀n yàrá náà ní wàhálà tirẹ̀. Tí ooru yàrá bá wà ní nǹkan bíi dígíìrì 20, ìró máa ń rin mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ògiri méjì tó fi mítà 3 jìnnà síra, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 57 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á máa ta lọ ta bọ̀, á wú létí ògiri, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù ní àárín yàrá. Tí gígùn, ìbú àti gíga yàrá bá wá dọ́gba, wàhálà mẹ́ta ló gorí ara wọn yẹn. Ìdí nìyẹn tí nóòtì kan ṣoṣo lára jìtá béèsì fi máa ń bú nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Fóòmù tín-ínrín kò ran irú ìyẹn. Owú tó nípọn gan-an ní kọ̀rọ̀ yàrá ló ń ràn án.

Etí tún ńkọ́? Àjọ NIOSH, tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbà pé ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó) kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, àti pé bó bá ṣe ń fi 3 lé sí i, kí wọ́n máa pín àkókò náà sí méjì. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ìlù òyìnbó nínú yàrá kékeré lè dé ibẹ̀ láìṣe wàhálà. Ohun tí wọ́n fi ń dí etí ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun ìtìjú fún akẹ́kọ̀ọ́ orin.

Píánò: ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ má sì gbé e síbi tí oòrùn ti ń gba fèrèsé wọlé. Ọ̀rinrin tó ń lọ sókè sódò ló máa ń ba ohùn rẹ̀ jẹ́ jù.

Ó di sítúdíò. Kẹ́ ẹ tó so máìkì kankan, ẹ dákẹ́ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ gbọ́ yàrá fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ló sábà máa ń jẹ̀bi. Sítúdíò tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ń lo ọ̀nà atẹ́gùn tó fẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa rọra rìn, torí èyí tó bá ń sáré gba ọ̀nà tóóró á máa pariwo. Tí tiyín bá ń pariwo, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gbígba ohùn, kẹ́ ẹ tún tàn án lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan.

Fún ẹgbẹ́ akọrin tàbí àwọn mélòó kan tó ń lo ohun èlò orin, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà ORTF: máìkì cardioid méjì (irú tó ń gbọ́ iwájú dáadáa, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ẹ̀yìn), kí ẹnu wọn fi sẹ̀ǹtímítà 17 jìnnà síra, kí wọ́n sì kọjú síta, kí igun àárín wọn jẹ́ dígíìrì 110. Máìkì condenser nílò iná fóòlìtì 48 látinú ẹ̀rọ tí ẹ so ó mọ́. Ẹ yí ohùn spíkà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì tó ń gbé iná yẹn wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dún gbàmù. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní bíìtì 24, kí ibi tó ga jù má ju nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 sísàlẹ̀ òdo lọ; òdo yẹn ni òpin ohun tí ẹ̀rọ lè gbà. Ohùn tó bá ti fọ́ nígbà tí ẹ ń gbà á, kò sí àtúnṣe gidi fún un mọ́.

Gbọ̀ngàn wá yàtọ̀ pátápátá, torí níbẹ̀ a fẹ́ kí ìró dúró díẹ̀. Yunifásítì gan-an ni wọ́n ti ṣàwárí bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 1895, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní kí Wallace Sabine, olùkọ́ físíìsì níbẹ̀, wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan nínú Fogg Art Museum, nítorí ohùn olùkọ́ ń dàrú mọ́ ara wọn. Ó ń kó tìmùtìmù àga wá láti gbọ̀ngàn mìíràn, ó ń fi fèrè ẹ̀rọ orin ṣọ́ọ̀ṣì dún, ó sì ń ka bí ìró ṣe ń pẹ́ tó kó tó tán. Ìmọ̀ yẹn ni wọ́n fi kọ́ Symphony Hall ní Boston, tó ṣí lọ́dún 1900. Títí dòní, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2 la máa ń fẹ́ kí ìró fi pẹ́ kó tó tán fún ẹgbẹ́ olórin ńlá. Fún ọ̀rọ̀ sísọ, ó dára kó má pé 1. Gbọ̀ngàn tó ń ṣe méjèèjì gbọ́dọ̀ ní aṣọ ìkélé tó wúwo tí wọ́n lè fà jáde, tí wọ́n sì lè ká kúrò.

Ara èèyàn náà máa ń fa ìró mu. Gbọ̀ngàn tó ń dún rìnrìn nígbà ìdánrawò á gbẹ díẹ̀ tí èrò bá kún un, nítorí náà ẹ má parí ìdájọ́ yín nínú gbọ̀ngàn òfìfo. Tí spíkà bá ń han gooro, máìkì ti ń gbọ́ spíkà nìyẹn. Ẹ gbé spíkà tí àwọn olórin fi ń gbọ́ ara wọn sí ẹ̀yìn máìkì cardioid, níbi tí kì í ti gbọ́ràn dáadáa, kẹ́ ẹ sún ẹnu akọrin mọ́ máìkì, kẹ́ ẹ sì pa máìkì tí ẹnikẹ́ni ò lò. Tí eré bá parí, spíkà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, kẹ́ ẹ tó pa míkísà. Lọ́jọ́ mìíràn tẹ́ ẹ bá ń tàn wọ́n, míkísà ni kó ṣáájú, kí spíkà kẹ́yìn.