Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Abúlé Deir Yassin, àti Ohun tí Khalid Ṣe

Asàláámù alàékúmù wàráhúmọ́túlàhì wàbàrakátùhù, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nílé, lóko àti lẹ́yìn odi.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó jẹ́ kí Jímọ̀ òní bá wa láàyè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ abúlé tí ogun kó ni mo mú wá lónìí, níbi tí wọ́n ti pa ìyá, tí wọ́n pa ọmọ, tí wọ́n pa arúgbó tí kò lè sá. Ohun tó jẹ́ kí n mú un wá ni pé bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ti dé orí fóònù wa báyìí, ohun tí púpọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, "Ta ló pa wọ́n? Ẹ̀sìn wo làwọn tó kú ń ṣe?" Ìgbà tí a bá gbọ́ èsì ìyẹn tán la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ bóyá ká sunkún ni tàbí ká wá àwáwí fún ẹni tó pa wọ́n. Ẹ̀yin ará mi, ìwà yẹn kò bá ohun tí Ànọ́bì fi lé wa lọ́wọ́ mu rárá, mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ìrun Jímọ̀ tó kó wa jọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni 9 oṣù Ẹ́pírì ọdún 1948 bọ́ sí. Lórí òkè kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Jerúsálẹ́mù, ìlú tí Mọ́sálásí Al-Aqsa wà, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Deir Yassin. Àwọn ará ibẹ̀ tó nǹkan bí 600. Mùsùlùmí ni wọ́n, iṣẹ́ òkúta sì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń jẹun: wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń kọ́lé nígboro. Láti ìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti dìbò ní oṣù Kọkànlá ọdún 1947 pé kí wọ́n pín ilẹ̀ Palẹstínì sí méjì ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Lárúbáwá àti Yàhúdì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, olúkúlùkù sì ń du ilẹ̀ tó lè rí gbà. Àwọn àgbà Deir Yassin rí i pé ewu ń bọ̀, wọ́n bá àwọn Yàhúdì aládùúgbò wọn ní Givat Shaul ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní gba jagunjagun kankan láyè kó fi abúlé àwọn ṣe ibùba, kí ẹnikẹ́ni má sì wá gbógun ti àwọn.

Àdéhùn náà kò gbà wọ́n lọ́jọ́ ọ̀hún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nǹkan bí 130 jagunjagun láti inú ẹgbẹ́ Yàhúdì méjì, Irgun àti Lehi, ya wọ abúlé náà. Àwọn ọkùnrin kan níbẹ̀ gbé ìbọn láti gba ilé wọn sílẹ̀, wọ́n sì pa díẹ̀ nínú àwọn tó wá. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò sí ìbọn lọ́wọ́ ọmọdé, kò sí lọ́wọ́ ìyá àgbà. Wọ́n ń ju bọ́ǹbù sínú ilé tí ẹbí sá pamọ́ sí, wọ́n ń yìnbọn pa obìnrin àti ọmọ, ó sì ní agboolé tí kò fi bẹ́ẹ̀ ku èèyàn. Àwọn tí wọ́n mú láàyè, wọ́n dà wọ́n sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń gbé wọn káàkiri àdúgbò Yàhúdì ní Jerúsálẹ́mù kí àwọn èèyàn lè wò wọ́n. Ní 11 oṣù náà, Jacques de Reynier tó jẹ́ aṣojú àjọ Red Cross dé abúlé náà, ó sì bá òkú nínú àwọn ilé.

Lásìkò náà, òkú 254 ni wọ́n ń kéde fún gbogbo ayé. Ìwádìí tí Yunifásítì Bir Zeit, tó jẹ́ ti àwọn ará Palẹstínì fúnra wọn, ṣe ní ọdún 1987 fi hàn pé àwọn tó kú tó 107. Èyí tó kéré ni mo mú, torí kò yẹ kí Mùsùlùmí bu òkú kún òkú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dùn létí. Bí wọ́n ti pa 107 yẹn ti tó láti mú ọkàn ẹni gbọgbẹ́. Ìròyìn náà da jìnnìjìnnì bo àwọn abúlé mìíràn, ó sì wà lára ohun tó mú wọn sá fi ilé sílẹ̀. Kí ogun náà tó parí, àwọn ará Palẹstínì tó di aláìnílé ti tó 700,000. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ-ọmọ wọn kò tíì padà sílé títí di òní.

Títí débí, gbogbo Mùsùlùmí tó ń kà á ló ń mi orí, tí ń bú àwọn apànìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde.

Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 13 oṣù Ẹ́pírì, ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan ń gòkè lọ sí ọsibítù Hadassah lórí òkè Scopus, ní Jerúsálẹ́mù yẹn kan náà. Dókítà, nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ àti aláìsàn ló pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ sì wà pẹ̀lú wọn. Àwọn jagunjagun Lárúbáwá dènà dè wọ́n ní àdúgbò Sheikh Jarrah, wọ́n yìnbọn sí wọn fún wákàtí púpọ̀, wọ́n sì dáná sun àwọn ọkọ̀. Àwọn tó kú tó 78. Àwọn tó ṣe é sọ pé ẹ̀san Deir Yassin làwọn ń gbà.

Ẹ gbọ́, nọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ló mọ̀ nípa Deir Yassin? Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Al-An'ām pé ẹlẹ́rù kan kò ní ru ẹrù ẹlòmíràn. Ó tún sọ nínú Súúrà Al-Mā'idah pé kí ìkórìíra tí a ní sí àwọn ìjọ kan má ṣe tì wá débi tí a kò fi ní ṣe déédéé. Ọlọ́hun kò ní kí ọkàn wa má gbọgbẹ́ bí wọ́n bá pa èèyàn wa. Ohun tó sọ ni pé kí ọgbẹ́ ọkàn yẹn má sọ wá di alábòsí. Nínú súúrà yẹn kan náà ló ti sọ pé ẹni tó bá pa ẹ̀mí kan, tí kì í ṣe pé onítọ̀hún pààyàn tàbí pé ó ba ilẹ̀ jẹ́, bí ẹni tó pa gbogbo ọmọ aráyé ló rí.

Ó yẹ kí n sọ èyí náà kí n tó kọjá: àwọn Yàhúdì kan bínú sí ohun tí àwọn ará wọn ṣe ní Deir Yassin. Àjọ tó ń ṣojú wọn nígbà náà bẹnu àtẹ́ lù ú, wọ́n sì kọ̀wé sí Ọba Abdullah ilẹ̀ Jọ́dánì. Ní 4 oṣù Kejìlá ọdún 1948, Albert Einstein àti àwọn Yàhúdì mìíràn tó lórúkọ kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn New York Times, wọ́n dárúkọ Deir Yassin, wọ́n sì sọ fún ayé pé iṣẹ́ ìkà gbáà ni. Ó ṣòro láti dìde sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó jẹ́ tìrẹ. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá lè ṣe é, àwa tí a ní Ànọ́bì Muhammad ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá wo òun fúnra rẹ̀. Ọdún kẹjọ Hijirah ni, lẹ́yìn tí Mẹ́kà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ànọ́bì rán Khalid ọmọ Al-Walid sí ìran Banū Jadhīmah pé kó pè wọ́n wá sínú Islāmù. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ kó yé èèyàn. Khalid kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó pa nínú wọn, ó kó nínú wọn lẹ́rú, ó sì pín àwọn tí wọ́n mú fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tó yá ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù pa ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abdullah ọmọ Umar wà níbẹ̀. Ó ní, mo fi Ọlọ́hun búra, mi ò ní pa ẹni tó wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tó wà pẹ̀lú mi tó máa pa tirẹ̀. Olórí ogun ló pàṣẹ o! Ojú ogun ni wọ́n sì wà. Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ̀ jálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà, tí ìròyìn náà dé etí Ànọ́bì, kò bèèrè bóyá Mùsùlùmí tó dáa ni àwọn tó kú. Kò sọ pé ká bo Khalid láṣìírí kí àwọn ọ̀tá má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ní, "Ìwọ Ọlọ́hun, mo mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ níwájú Rẹ nínú ohun tí Khalid ṣe." Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Inú Sahih Bukhari ni hádíísì náà wà. Lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn onítàn ìgbésí ayé rẹ̀ ti gbà á wá, ó rán Àlí lọ sọ́dọ̀ ìran náà pẹ̀lú owó. Àlí san owó ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n pa, ó san owó dúkìá tó bàjẹ́, àní ó san owó àwo tí ajá wọn fi ń mu omi.

Khalid, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sàábé pàtàkì ni, akọni ni, Ànọ́bì kò sì lé e lọ. Àmọ́ kò jẹ́ kí ipò Khalid bo iṣẹ́ tó ṣe mọ́lẹ̀. Ibi tí mò ń bọ̀ látàárọ̀ rèé.

Abdullah ọmọ Umar yìí náà ló gba hádíísì wá pé wọ́n rí òkú obìnrin kan nínú ọ̀kan lára àwọn ogun Ànọ́bì, ni Ànọ́bì bá ka pípa obìnrin àti ọmọdé léèwọ̀. Nígbà tí Abúbákárì ń rán ọmọ ogun lọ sí ilẹ̀ Shām, tí Jerúsálẹ́mù wà nínú rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn bá Yazid ọmọ Abu Sufyan, ó ń kì í nílọ̀ pé kó má pa obìnrin, kó má pa ọmọdé, kó má pa arúgbó, kó má gé igi eléso, kó má pa àgùntàn tàbí ràkúnmí àyàfi èyí tí wọ́n máa jẹ. Igi pẹ̀lú ní ààbò, ẹ̀yin ará mi!

Nílé wa níbí ńkọ́? Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn, ìlú kan nítòsí Ìsẹ́yìn. Ọmọdékùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àjàyí, ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá. Òwúrọ̀ ni, oúnjẹ wà lórí iná, ni ariwo ta. Baba rẹ̀ sáré wọlé wá sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà lọ kojú ogun. Ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n fi okùn so Àjàyí mọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n wọ́ wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n sì fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Òun ló di Samuel Àjàyí Crowther, Bíṣọ́ọ̀bù. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, l'Ábẹ́òkúta. Nínú lẹ́tà tó kọ ní ọdún 1837 nípa ọjọ́ náà, ó sọ àwọn tó kó wọn: àwọn Fúlàní wà níbẹ̀, àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn wà níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ náà sì wà níbẹ̀.

Àwa nìyẹn. Ẹ má jẹ́ ká gbójú kúrò níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ nípa Òṣogùn, má wá àwáwí. Na ọwọ́ rẹ sókè bíi ti Ànọ́bì.

Ògbómọ̀ṣọ́ tiẹ̀ yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ìlú púpọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ agboolé wa ló mọ̀ pé ìlú tí ogun fọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn baba ńlá àwọn ti sá wá síbí. Ìlú yìí gbà wọ́n, ó fún wọn nílẹ̀, kò bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn. Lónìí, nínú agboolé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè máa lọ sí mọ́sálásí kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń bù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí fídíò abúlé tí wọ́n jó bá dé orí WhatsApp yín, tí ẹnì kan sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "ó tọ́ sí wọn," ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ sọ fún onítọ̀hún pé kò tọ́. Bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, àmọ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin ààfáà ẹgbẹ́ mi, bí a bá ń ṣe àdúà fún àwọn tí ogun pa ní Gásà, ká dárúkọ àwọn ará abúlé tí àwọn agbébọn ń pa lórílẹ̀-èdè tiwa náà, Mùsùlùmí wọn àti Kìrìsìtẹ́nì wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè pé kí ni èèyàn kan lè ṣe, ẹ gbọ́ ti arábìnrin kan tó ń jẹ́ Hind al-Husseini. Lẹ́yìn Deir Yassin, ó bá àwọn ọmọ òrukàn abúlé náà, 55 wọn, ní ìgboro Jerúsálẹ́mù, láìsí bàbá, láìsí ìyá. Ó kó wọn jọ, ó sì sọ ilé bàbá rẹ̀ àgbà di ilé wọn. Ibẹ̀ ni ilé ọmọ òrukàn Dar al-Tifl al-Arabi ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di ilé ìwé ńlá. Àwọn tí ogun lé wá sáàárín wa níbí náà ní ọmọ. Ẹ wá wọn kàn lẹ́yìn ìrun lónìí, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n jẹ.

Ìwọ Ọlọ́hun, ṣàánú àwọn tí wọ́n pa láìṣẹ̀, tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀, dá àwọn tí ogun lé padà sílé wọn. A mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ níwájú Rẹ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ gbogbo, ìbáà ṣe ọ̀tá wa ló ta á sílẹ̀, ìbáà ṣe àwọn èèyàn wa. Àmín.