Ìgbà 26

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ti aládùúgbò ni. N kò sí ní Houston lónìí. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni mo wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá ìyá mi. A sin wọ́n ní Sátidé. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, aṣọ ẹbí, ọ̀nà Ìfàkì, ẹ mọ gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Bill Withers, akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, ni mo ṣèlérí fún yín, òun náà la ó sì sọ. Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Wọ́n ní kí ọmọọmọ kan wá sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní, "Màámi." Ó há. "Màámi, Màámi, Màámi..." Ìgbà 4. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lábẹ́ kánópì. Ẹni tó ń darí ètò na ọwọ́, ó rọra gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ bá wọn pàtẹ́wọ́, ẹkún ni ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀."

Ẹkún kọ́. Akólòlò ni mí.

Akólòlò ni Bill Withers náà. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1938 ni wọ́n bí i ní Slab Fork, ìletò àwọn awakùsà ní West Virginia, ó sì ti lé ní ẹni ọdún 25 kí ahọ́n rẹ̀ tó tú. Ọdún 9 ló fi ṣe ọmọ ogun ojú omi. Lẹ́yìn náà ló lọ ń ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì bàálù ní ilé iṣẹ́ kan ní California. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín! Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán ara àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Just As I Am, ti ọdún 1971: ibi iṣẹ́ yẹn ló dúró sí, ó gbé àpótí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ dání.

Inú àwo yẹn ni Ain't No Sunshine wà. Ẹ tẹ́tí. Ó kọrin dé ibì kan, ọ̀rọ̀ tán. Ó ń pe "I know, I know" lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ìgbà 26. Ó fẹ́ padà wá kọ ọ̀rọ̀ mìíràn síbẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe orin náà ló ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orin yẹn gba àmì ẹ̀yẹ Grammy. Ìgbà 26 o! Èmi pe Màámi ní ìgbà 4, wọ́n gba ẹ̀rọ.

Mo ti ń gbọ́ yín. Ẹ ní orin nìyẹn, tìẹ jẹ́ kíkólòlò, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ ní ẹni tó ń darí ètò yẹn ràn ọ́ lọ́wọ́ ni, àwọn èèyàn ń dúró de oúnjẹ. Rárá o. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi òwe nà mí pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ gbọ́ òwe yẹn dáadáa? Bó pẹ́ bó yá! Ẹni tó pa á mọ̀ pé a ó dúró. Àti pé Èkìtì la wà yìí, ilẹ̀ alámọ̀, orin àwọn obìnrin wa. Àwọn ìyá wa á dá ìlà kan, á dùn mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n á tún un pè, wọ́n á tún un pè, agbo á máa gbè é. Mi ò rí ẹni tó já a gbà lẹ́nu wọn rí.

Ẹlòmíì tún ń bi mí pé kí ló dé tí mò ń yin ẹni tó pa iṣẹ́ orin tì. Lóòótọ́, lẹ́yìn àwo ọdún 1985 kò ṣe àwo mìíràn mọ́ títí ó fi kú ní oṣù Kẹta ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 81. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ orin ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kó lọ tún orin Elvis Presley kọ. Ẹni tó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là, ẹ tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíì sí i lẹ́nu? Ó jókòó sílé rẹ̀. Mo gbà fún un.

(Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n mu omi.)

Orin rẹ̀ Grandma's Hands ni mi ò lè gbọ́ láti Sátidé. Lula, ìyá ìyá rẹ̀, ló kọ ọ́ fún: ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ tó máa ń ro obìnrin náà, tó sì máa ń wú. Ọwọ́ Màámi náà máa ń wú. Uṣu ni wọ́n ń pe iṣu, wọ́n á gún un fún ilé kúnkún, lálẹ́ wọ́n á na ọwọ́ sí mi kí n fi òrí pa á. Bí ọ̀rọ̀ bá há mi lọ́fun, wọn kì í bá mi parí ẹ̀. Wọ́n á kàn máa wò mí, ọwọ́ á ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ní Sátidé ò gùn. Màámi. Màámi, Màámi, òrí yín tó kù ṣì wà nínú agolo lórí fèrèsé níbí. Mo ti fi pa ọwọ́ mi lálẹ́ àná.